Àna Tí Mo Kí Bí Òkú ní Ilẹ̀ Kòríà

Ẹ fi ìbọn yín ti ògiri, kí ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sókè, kí ẹ sì wá ibi jókòó sí. Ẹni tó bá gbé ẹran kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo pè yín sí lónìí, ẹran á jóná kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ìdí tí mo fi pè yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Ẹ ṣáà la etí yín sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá sùn lónìí lè kó ìtìjú bá gbogbo Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ọ̀túnla. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó mú mi lọ tó tún mú mi bọ̀, Ọba tó ń ṣọ́ èèrà nínú ihò, tó sì ń ṣọ́ bàálù nínú awọsánmà. Bí kò bá ṣe tirẹ̀, òkè tí mo gùn tí kì í ṣe òkè bàbá mi, ibẹ̀ ni ǹ bá wà di ìsinsìnyí, tí mò ń bá igbálẹ̀ jìjàkadì.

Ìgè, o ti ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ tó sá fún ìjàpá ní ọdún tó kọjá, tí o ní òkúta ló ń rìn? Dúró ná, ẹ̀rín rẹ ṣì ń bọ̀.

Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ a-tẹ-ewé-gbígbẹ-kó-má-dún, ọmọ a-rí-ẹfọ̀n-má-yà. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ogójì ọdún ni mo fi ń wọ igbó tó wà láàárín wa àti Ọ̀yọ́ Ilé. Mo ti pàdé ẹfọ̀n ní ojú ọ̀nà tóóró, àwa méjèèjì wo ara wa títí, òun ló yà fún mi. Mo ti sùn lórí igi tí ejò ń gbé, ilẹ̀ mọ́, a kí ara wa, kálukú bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì kúrò ní oko bàbá rẹ̀ ní ń sọ pé oko bàbá òun ló tóbi jù. Igbó tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ lónìí, n kò mú ìbọn lọ, n kò mú àdá lọ, ẹran tí mo sì lọ lé níbẹ̀ kò ní irun, kò sì lè sáré.

Ọmọ mi Mosúnmọ́lá ló fà á, Àwẹ̀ró mi tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Ní Ìbàdàn tó ti ń kọ́ nípa àrùn iṣu ni ó ti pàdé ọmọkùnrin ará Kòríà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Hanúlù ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí ọmọ náà lò nílẹ̀ wa, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá sílé mi, ó jẹ òyà, ó fá egungun rẹ̀ dan, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ igbó." Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti gbà á ní ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, arúgbó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ìyá àgbà yìí ránṣẹ́ pé, "Igi tí n kò mọ gbòǹgbò rẹ̀, n kì í jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Kí bàbá ọmọbìnrin náà wá kí n rí i." Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ níwájú mi, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, bí ìyá àgbà bá kọ̀, ó ti parí. Hanúlù kò ní rú òfin ẹni tó fi ẹnu jẹ ìrẹsì fún un." Kí ni bàbá ń ṣe nígbà tí ọmọ bá ń sunkún? Mo ní kó lọ ra ìwé ọkọ̀.

Ní ibùdókọ̀ òfuurufú, wọ́n bó mi bí ìgbà tí a bá bó àgbàdo. Wọ́n gba ọ̀bẹ ìdí mi. Wọ́n gba òyà gbígbẹ tí mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀bùn àna. Aṣọ́bodè kan gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó wo òyà, ó ní, "Bàbá, èwo ni ẹ pa nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Ẹnu nìkan ni wọn kò gbà lọ́wọ́ mi, wọn kò sì mọ̀ pé òun ló mú jù nínú gbogbo ẹrù mi.

N kò ní fi bí a ṣe fò gba àkókò yín. Ẹ ṣáà gbà pé mo gbàdúrà láti Èkó títí dé Sóòlù, olú ìlú wọn, tí obìnrin tó jókòó tì mí fi ń ṣe àmín láìmọ ohun tí mo ń sọ. Hanúlù àti Mosúnmọ́lá pàdé mi, wọ́n ní ká kọ́kọ́ rí ìlú kí a tó lọ sí abúlé ìyá àgbà. Wọ́n mú mi lọ sí ààfin àwọn ọba wọn àtijọ́. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, mo rí òrùlé tó tẹ̀ ní etí bí ìyẹ́ àwòdì tó fẹ́ bà, wọ́n kun abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ osùn. Mo rí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí irùngbọ̀n wọn kì í mì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ẹnu ọ̀nà náà ni ẹranko òkúta kan jókòó sí, ojú rẹ̀ yọ síta bí ti ọ̀pọ̀lọ́, eyín rẹ̀ tò gbọọrọ. Kí n tó rò ó, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ mi ti lọ síbi tí ìbọn máa ń wà. Hanúlù ní, "Bàbá, òkúta ni. Iná ló máa ń jẹ. Ó ń ṣọ́ ààfin kó má jóná." Mo ní, "Ọmọ mi, bí ó bá ń jẹ iná, a jẹ́ pé ọdẹ kan ò ní ohun tí yóò fi yìn ín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọjà ibi tí wọ́n ti ń ta ohun inú òkun ni a ti jẹun. Wọ́n gbé abọ́ kan síwájú mi, mo wò ó, abọ́ náà ń wo èmi náà. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ti da òróró sí i, síbẹ̀ ó ń rìn! Ẹsẹ̀ kan ń lọ sí ìlà-oòrùn, èkejì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Mo ti jẹ ẹran sísun, mo ti jẹ ẹran bíbọ̀, ṣùgbọ́n n kò jẹ ẹran tí kò tíì gbà pé òun kú rí. Mo fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun lé e yí abọ́ ká, ó sá, mo lé e, ó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́. Mosúnmọ́lá ti ń mi nínú ẹ̀rín. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti di tọdẹ, mo bú sí ìjálá:

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò mọ èyí tí yóò fi sá,
A-lẹ̀-mọ́-abọ́ bí ọmọ tó kọ̀ tí kò já lẹ́nu ọmú,
Ọ̀bẹ dé orí rẹ, o ní ara ló ń yún ọ;
Òròmọ òkun, dákun tẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun,
Ilé kan ṣoṣo tó kù fún ọ nìyẹn.

Àwọn ìyá ọlọ́jà pàtẹ́wọ́. Mo gbé e mì. Ó di ìjọ̀gbọ̀n sí mi ní ọ̀fun, mo fi ọbẹ̀ gbígbóná lé e lọ. Ìyá kan rí bí mo ṣe làágùn, ó fi ewé tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ rẹ títí tó fi kan, tí wọ́n ń pè ní kímíṣì, sí mi lẹ́nu pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Ó ta mí lẹ́nu bí ẹni pé ata ilé ni. Mo mọ̀ nígbà náà pé ibi tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún àlejò lóúnjẹ, àna dára níbẹ̀.

Àṣé mo yára yọ̀. Ọjọ́ kejì ni a wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé ìyá àgbà, láàárín àwọn òkè tó to ara wọn bí ikùn ọlọ́ràá. Òtútù ti ń ti orí òkè bọ̀. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a wọlé. Ilẹ̀ ilé náà gbóná bí ìdí adìyẹ tó sàba, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń dáná sí. Ìyá àgbà jókòó lórí tìmùtìmù, ó kéré bí ẹyẹ, irun rẹ̀ funfun báláú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì mú. Hálímónì ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà nílẹ̀ wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Mansú, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ kan tó jẹ́ pé gbòǹgbò ni iṣẹ́ rẹ̀, òkè sì ni ilé rẹ̀.

Ó yá, ẹ dá mi lẹ́jọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún jókòó níwájú mi, èmi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kí ni n ó ṣe? Mo nà gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀ gbígbóná. Mo dìde. Ìyá àgbà mi orí, inú rẹ̀ dùn. Mo wá bá ara mi sọ̀rọ̀: ìkínní yẹn ti ọjọ́ orí ni, ti àna ńkọ́? Ṣé ènìyàn ń lọ tọrọ àna kó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń kí aládùúgbò? Mo tún nà gbalaja lẹ́ẹ̀kejì, èyí tún gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá Mansú la ẹnu, kò lè pa á dé. Hanúlù tẹ̀ sí etí mi. "Bàbá, nílẹ̀ wa, ìtẹríba ẹ̀ẹ̀kan ni ti alààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ti òkú ni. Ẹ ti kí ìyá àgbà bí òkú."

Hàà! Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì. Mo wo Mosúnmọ́lá, ojú rẹ̀ ti di eérú. Ìyá àgbà kò bínú, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbínú ì bá sàn. Ó fẹ̀yìn tì, ó ká ọwọ́ lé àyà, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́. Hanúlù ń túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ẹ ṣeun. Ó ní òkú kì í fún ènìyàn ní ọmọ. Ó ní gbòǹgbò kan wà lórí òkè tí àwọn àgbà ń sọ pé ó ń jí òkú, kí ẹni tó pa òun lọ wá a wá. Ó ní ọjọ́ kẹta ni àwọn ń sin òkú nílẹ̀ yìí. Bí òun kò bá tíì jí nígbà náà, kí ẹ sin ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó pọ̀ mọ́ òun." Lẹ́yìn èyí, ìyá àgbà kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó kú pátápátá. Nígbà tó ṣe, òkú náà na ọwọ́ láìlajú, ó mú èso kan nínú abọ́, ó jẹ ẹ́, ó sì tún kú padà.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni èmi, Hanúlù àti Bàbá Mansú gun òkè. Mosúnmọ́lá dúró ti òkú wa. Gbòǹgbò tí à ń wí yìí, sánsámù ni wọ́n ń pè é. Ó ní orí, ó ní apá, ó ní ẹsẹ̀, bí ọmọ ènìyàn tó ń sùn nínú ilẹ̀, òmíràn sì ń pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Ewé rẹ̀ ń yọ ní márùn-ún márùn-ún bí ìka ọwọ́, èso rẹ̀ pupa bí ojú ẹyẹlé. Àwọn tó ń wá a, ọdẹ ni wọ́n, ẹnikẹ́ni má tàn yín. Bàbá Mansú mú wa wẹ̀ nínú odò tó tutù tí eyín mi ń ka ara wọn. Ó bi mí pé àlá wo ni mo lá, nítorí àlá ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òkè yóò fún wọn. Mo ní, "Mo lálàá pé mò ń fi ọ̀pá irin méjì jẹ ẹ̀wà, ọ̀kan kò sì wọ ẹnu mi títí ilẹ̀ fi mọ́." Ó ronú, ó ní àlá náà kò burú púpọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ òfin: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, kó pariwo lẹ́ẹ̀mẹta, kó ní 'Símúbàtá!', ìyẹn ni pé, mo ti rí i. Àwa yòókù yóò jókòó síbi tí a bá wà. Ẹni tó pariwo ló ni ín. Ẹni tó rí i tí kò pariwo, kò rí nǹkan kan." Mo ní mo ti gbọ́. Etí ló gbọ́ o, ara kò gbọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìkùukùu kan ti àfonífojì gòkè wá, ó funfun bí ògì, n kò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo pe Hanúlù, òkè dá mi lóhùn. Mò ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ, àfi bí òórùn ilé ìdáná kan ṣe gba imú mi, bí òórùn ẹ̀kọ tútù. Mo gbójú sókè, mo rí ẹ̀dá kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Irun rẹ̀ le gan-an, ó tò sókè bí koríko gbígbẹ, okùn wà ní ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò débi pé bó bá rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ á sún sẹ́yìn láti fún un ní àyè. Ọwọ́ rẹ̀ mú àwo ẹ̀kọ aláwọ̀ eérú kan.

Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin dúdú tó ń rìn láìdún, ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ní, "Ebi ló kọ́ mi, etu ló dán mi wò. Ìwọ tó ń sọ èdè mi láìdé ìlú mi, ta ni ọ́?"

"Tòkébì ni mí. Èdè ènìyàn kan náà ni gbogbo yín ń sọ: ẹ fún mi, ẹ fún mi. Kò nira láti kọ́." Ó fi ìka lá ẹ̀kọ rẹ̀. "Kò sí ẹni tó ń gba ibí kọjá láìdáhùn. Gbọ́ àlọ́ mi: ẹ̀ẹ̀kan, ó wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ó kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ló dà?"

Ta ló sọ ọ̀rọ̀ ilé àna mi fún iwin òkè? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní, "Ẹni tó wà láàyè tó sì kú, ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di egungun."

Ó rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ sún sẹ́yìn. "O kùnà! Ìwọ àti ọ̀pọ̀lọ́ jọ ní ọgbọ́n kan náà. Ó yá, bá mi jìjàkadì. Bí o bá dá mi, mà á fi gbòǹgbò hàn ẹ́. Bí mo bá dá ẹ, wàá máa bá mi jà níbí lójoojúmọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá nìkan wà."

Mo ní, "Ọgọ́rùn-ún pọ̀. Mo ní aya nílé."

"Àádọ́rùn-ún, mo tún fi ẹ̀kọ lé e."

Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ká kúkú jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ẹlẹ́sẹ̀ kan kò lágbára, ẹ lọ bi igi ìrókò. Ó dì mọ́ mi, ó gbé mi, ó fì mí bí ẹni ń fì aṣọ tútù. Mo fi ọwọ́ di igi mú, igi já. Ó tẹ̀ mí sẹ́yìn títí ẹ̀yìn mi fi ku ìka mẹ́rin sí ilẹ̀. Mo rí ọgọ́rùn-ún ọdún náà lójú mi, mo rí Mosúnmọ́lá pẹ̀lú ojú eérú yẹn. Mo ní, "Ọlọ́run tó gba ẹnu mi lọ́wọ́ aṣọ́bodè, ṣé ìdí tí o fi gbà á kọ́ nìyí?" Ni mo bá fi èémí tó kù kọ ọ́ sí i ní etí:

Ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń lé ẹlẹ́sẹ̀ méjì léré,
A-jẹ̀kọ-má-fọwọ́, irun gànrà bí àkókó igbó,
Ọ̀rẹ́ ìkùukùu, onílé tí kò ní ìlẹ̀kùn,
Jó fún mi kí n rí i, àgbà iwin,
Ọdẹ tó kí ọ kò níí fi àbùkù kàn ọ́.

Ta ni a ń kì tí orí rẹ̀ kì í wú? Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ lórí ẹsẹ̀ kan, tọ, tọ, tọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tún un kì! Tún un kì!" Ó tọ sókè lẹ́ẹ̀kẹrin, mo fi ẹsẹ̀ mi gbá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà. Ó lulẹ̀ gbì! Bí ó ti ń lọ sílẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ìdáhùn àlọ́ mi wà lẹ́nu ẹni tí o pa!" Ìkùukùu ká kúrò bí aṣọ tí a ká. Ẹ wò ó, kò sí Tòkébì. Igbálẹ̀ àtijọ́ kan ló wà nílẹ̀, tí lílò ti jẹ ẹnu rẹ̀ tán, okùn wà ní ìdí rẹ̀, igi rẹ̀ sì nàka sí abẹ́ igi kan ní òdìkejì.

Mo fi ojú tẹ̀lé e. Mo rí ewé márùn-ún, bí ìka ọwọ́. Mo rí èso pupa mẹ́ta tó kù lórí rẹ̀. Sánsámù!

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ, ẹ sọ fún mi: bí ọdẹ bá rí ẹran, kí ló ń ṣe? Ẹ̀hẹ́n. Ó ń dákẹ́. Ogójì ọdún! Mo tẹ̀ kòó, mo wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, mo pa èémí mọ́. Mo ń rá lọ lórí ikùn, mò ń yẹra fún ewé gbígbẹ, kí gbòǹgbò má baà gbọ́ kó sì sá. Mo ku apá méjì kí n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́.

"Símúbàtá! Símúbàtá! Símúbàtá!"

Bàbá Mansú ló yọ láti òdìkejì igi, ó fò sókè bí ọmọdé tó rí òjò. Hanúlù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí òfin. Ìgbà náà ni wọ́n rí mi, tí mo nà sílẹ̀ tí ọwọ́ mi ku díẹ̀ kó kan ewé.

Hanúlù ní, "Bàbá! Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Mò ń ṣọdẹ."

"Ẹ ti rí i? Kí ló dé tí ẹ kò pariwo?"

"Hanúlù, ọmọ mi, ṣé o rí ọdẹ tó ń pe etu lórúkọ kó tó yìnbọn?"

Nígbà tí Hanúlù túmọ̀ rẹ̀, Bàbá Mansú fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi, ó mi orí. Ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin, òkè ló ṣe é. Bí òun bá fi ti ẹni tó pariwo fún ẹni tó dákẹ́, òkè yóò di ojú sí òun títí òun yóò fi kú. Ó ní ọdún méje rèé tí òun ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Tí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi náà mọ òfin igbó. Mo bá a hú u, a fi ọwọ́ yọ irun gbòǹgbò náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fi ewé tútù wé e bí ìkókó. Mo mú igbálẹ̀ mi, a sùn lórí òkè, ilẹ̀ mọ́, a sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta pé. Mosúnmọ́lá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí igbálẹ̀. "Bàbá mi, gbòǹgbò dà?"

Mo ní, "Àwẹ̀ró, bàbá rẹ ríran, ṣùgbọ́n ẹnu bàbá rẹ, tí kì í dákẹ́ nínú ilé, ó dákẹ́ nínú igbó." Kò bú mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

A wọlé. Òkú wa wà níbi tí a fi í sí, ojú rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. N kò ní gbòǹgbò. N kò ní òyà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò gbọ́ èdè mi. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá tán lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, ara rẹ̀ ló kù. Mo gbé igbálẹ̀ sílẹ̀. Hanúlù rí èjìká mi, ó mọ ohun tó ń bọ̀, ó di ẹ̀yìn agbádá mi mú. "Bàbá, ẹ má ṣe! Ẹ má dọ̀bálẹ̀ mọ́!" Ó ti pẹ́ jù. Mo nà gbalaja, iwájú orí mi kan ilẹ̀ gbígbóná, mo sì dúró síbẹ̀. Kì í ṣe ti ọjọ́ orí, kì í ṣe ti àna. Ti ẹ̀bẹ̀ ni.

Mo gbọ́ tí aṣọ ìyá àgbà dún. Ó la ojú kan. Ó la èkejì. Ó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, Bàbá Mansú fi ìka kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu òkú yẹn! Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, títí tó fi di apá Mosúnmọ́lá mú kó má baà ṣubú. Hanúlù ń rẹ́rìn-ín, kò lè túmọ̀. Mo gbé orí sókè díẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti tán fún mi ni?"

Hanúlù nu ojú rẹ̀. "Bàbá, ìyá àgbà ní ìtẹríba ẹ̀ẹ̀kan, ti alààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì, ti òkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ti Búdà ni, ère tí àwọn máa ń forí balẹ̀ fún nínú tẹ́ḿpìlì. Ó ní ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni òun ti wà láyé, ẹnikẹ́ni kò gbé òun ga kíákíá báyìí rí: ọjọ́ kìíní, arúgbó, ọjọ́ kan náà, òkú, ọjọ́ kẹta, ẹni àpésìn. Ó ní nígbà tí ènìyàn bá rìn láti òpin ayé wá, tó gun òkè, tó padà ní ọwọ́ òfo, tó tún forí balẹ̀ síbẹ̀, kí ni ẹni àpésìn ń ṣe?"

Àlọ́ Tòkébì já lu mí níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ló dà? Ìdáhùn wà lẹ́nu ẹni tí mo pa lóòótọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, Olúwa mi, ìwọ mọ̀ pé àna ni mò ń bẹ̀, n kò bọ ère. Mo wá dáhùn sókè pé, "Ó ń fún ni ní ohun tí a tọrọ, ìyá."

"Ó ní ẹ dìde, ó ti fún yín." Mosúnmọ́lá ké tòò, ó kúnlẹ̀, ìyá àgbà fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa irun dídì rẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìlà. Ayọ̀ wọ̀ mí lára, eegun mi fúyẹ́, ara mi tún ti ń sún láti nà sílẹ̀ fi dúpẹ́. Ìyá àgbà na ìka sí mi, ó ké gbàjarè, Hanúlù sì túmọ̀ rẹ̀ kíákíá: "Bàbá, ó ní ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ti ọba ni. Ó ní òun ti di ẹni àpésìn, kí ẹ má tún já òun wálẹ̀ sípò ọba!"

Ọ̀rọ̀ náà wá kan Bàbá Mansú, ojú tì í. Ó fa irun mẹ́ta yọ lára gbòǹgbò rẹ̀, ó ní òkè kò ní ka irun. Wọ́n ki ìrẹsì sínú òròmọdìyẹ, wọ́n sè é pẹ̀lú irun gbòǹgbò náà títí egungun fi rọ̀. Òkú wa jẹ abọ́ méjì.

Ó yá, ìdí tí mo fi pè yín rèé. Ìyá àgbà ń bọ̀. Ọ̀túnla ni wọn yóò gbé e dé ẹnu odi yìí fún ìgbéyàwó, òun àti àbúrò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí gbòǹgbò igi náà kí òun tó jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Mo mọ̀ yín. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń to ara yín sílẹ̀ níwájú àna, tí ẹ máa ń nà, tí ẹ máa ń dìde, tí ẹ tún máa ń nà láìka iye. Nítorí Ọlọ́run, ní ọjọ́ náà, ẹ kà á. Ẹni tó bá lágbára, kó ṣe mẹ́ta. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe méjì tó wá dìde dúró tó ń wòye, kó mọ̀ pé igbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi yẹn, mo mọ ọ̀nà òkè tí mo ti mú un wá, ọgọ́rùn-ún ọdún sì ni.

Ìgè, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ dán wò. Dìde. Dọ̀bálẹ̀ kí n kà á.